Ogun Abẹ́lé Ilẹ̀ Faransé, 1562 sí 1598: Ṣé Ẹ̀sìn Ni, àbí Oyè?

Ìbéèrè

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí a dé orí ogun abẹ́lé tó jà ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1562 títí di 1598, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní ṣé lóòótọ́ ni àgbàlagbà yóò tìtorí bí wọ́n ṣe ń jẹ Oúnjẹ Olúwa ti idà bọ ikùn aládùúgbò rẹ̀, àbí àwọn ìjòyè ló ń du ọlá tí wọ́n fi ẹ̀sìn bojú. Ìwé kan tí mo kà ní ẹ̀sìn ni, òmíràn ní oyè ni. Èwo ni kí n sọ fún un? Àti pé nígbà tí kò sí ìhà kan tó ṣẹ́gun, báwo ni ìjà ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe tán?”

Ìdáhùn

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, nítorí ibi tó fọwọ́ bà ni àwọn òpìtàn pàápàá ti ń takò ara wọn títí di òní. Ìwé méjèèjì tí ẹ kà kò purọ́. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé bí a bá dárúkọ ẹ̀sìn lónìí, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀ là ń sọ, a sì máa ń gbé ìtumọ̀ yẹn lọ bá àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Lójú ará Paris ní ọdún 1560, ẹ̀sìn ni okùn tó di ìlú pọ̀. Ẹni tó bá já a kò ṣẹ̀ sí ara rẹ̀ nìkan, ó fa ìbínú Ọlọ́run wá sórí gbogbo àdúgbò, àtọmọdé àtàgbà. Bí ẹ bá bi mí ní ìdí tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tó bẹ́ sílẹ̀, tí ó sì fi rí owó àti ọmọ ogun tó gbé e dé ibi tó dé, ọ̀rọ̀ oyè ni n ó sọ. Bí ẹ bá bi mí ní ìdí tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi wọ́ oníṣòwò tí wọ́n jọ ń gbé òpópónà kan náà jáde láti pa á, oyè kò lè dáhùn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi oyè bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1559, ọba Henri Kejì ń ṣe àríyá ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ Élisabeth, ẹni tí wọ́n fi fún Philip Kejì ọba Sípéènì. Àṣà wọn ni pé kí àwọn ọlọ́lá gun ẹṣin, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ onígi kọlu ara wọn níṣeré, ọba náà sì fẹ́ràn eré yìí ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀kọ̀ Gabriel de Montgomery, olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kan, kán mọ́ ọn lára, èérún igi gba ojú àṣíborí wọlé, ó sì wọ ọba lójú. Ọjọ́ 10 ni ó fi jẹ̀rora kí ó tó wàjà. Ọmọ ọdún 15 ni àrẹ̀mọ rẹ̀, François Kejì, tó gorí oyè. Òun náà wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1560. Charles Kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 10, ìyá wọn, Catherine de' Medici, ọmọ Florence ní Ítálì, ni ó sì ń ṣe adelé. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ara ọba gan-an ni ìjọba, àga tí ọmọdé jókòó lé àti àga tó ṣófo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ilé mẹ́ta ló ń du ẹni tí yóò di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ilé Guise ni Kátólíìkì tí kò gba gbẹ̀rẹ́, àwọn ni àbúrò ìyá Mary ọbabìnrin Scotland, aya François Kejì, nítorí náà ọwọ́ wọn ni gbogbo nǹkan bọ́ sí nígbà tí ọmọ yẹn ń jọba. Ilé Bourbon ni ẹ̀jẹ̀ ọba gan-an, tí oyè yóò kàn bí àwọn ọmọ Henri bá kú tán láìbímọ, ìkan nínú wọn, ọmọ aládé tí ń jẹ́ Condé, sì di olórí ogun àwọn Huguenot, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé. Ilé Montmorency pín sí méjì: bàbá àgbà wọn, Anne, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ọmọ ogun ọba, kò kúrò nínú Ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ọmọ arábìnrin rẹ̀, Gaspard de Coligny, di Huguenot tọkàntọkàn.

Ẹni tó bá ní oyè nìkan ni wọ́n ń jà fún yóò rí ẹ̀rí tó pọ̀ kó jọ níbí. Antoine de Bourbon, ẹ̀gbọ́n Condé, ẹni tí àwọn Huguenot kọ́kọ́ gbójú lé, padà lẹ́yìn wọn, inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kátólíìkì ló sì wà nígbà tí ìbọn bà á níbi tí wọ́n ti dó ti ìlú Rouen, tí ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1562, nígbà tí aya rẹ̀, Jeanne d'Albret ọbabìnrin Navarre, kò yẹsẹ̀ rárá nínú ẹ̀kọ́ Calvin, olùkọ́ àwọn Huguenot. Montmorency-Damville, gómìnà Languedoc, jẹ́ Kátólíìkì, síbẹ̀ ó bá àwọn Huguenot gúúsù mulẹ̀ nígbà tí ó rí i pé wọ́n fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ òun. Ìhà méjèèjì ló ń háyà àwọn ẹlẹ́ṣin láti Jámánì, àwọn yẹn kì í sì í béèrè ibi tí abúlé kan ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó kó o bí owó oṣù wọn kò bá pé. Bí ẹ bá ká ibẹ̀ mọ́, tí ẹ pa ìwé dé, ẹ ó gbà pé ẹ̀sìn kò ju agbádá tí wọ́n wọ̀ jáde lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni agbádá náà gan-an? John Calvin, ọmọ Noyon ní àríwá Faransé tó fìdí kalẹ̀ sí Geneva, ni ó ń fi ìwé àti oníwàásù ránṣẹ́ sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1560, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ará Faransé ni ó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, iye àwọn ọlọ́lá àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀wé sì pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ń kọ Sáàmù ní èdè Faransé, ní ohùn rara, lójú pópó. Wọ́n ní Máàsì jẹ́ ìbọ̀rìṣà, wọ́n sì ń fi búrẹ́dì tí àlùfáà gbé sókè ṣẹ̀fẹ̀ pé ọlọ́run ìyẹ̀fun ni. Kátólíìkì tó gbà pé ara Kristi gan-an ló wà nínú búrẹ́dì náà kò lè ka ìyẹn sí èrò ẹlòmíràn lásán. Èébú sí Ọlọ́run ni, lójú gbogbo ènìyàn, ní ìlú tí ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn kì í jìnnà sí, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Ọlọ́run a máa fìyà jẹ ìlú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ọba pàápàá kò lómìnira nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbi ìwúyè ní Reims, wọn a fi òróró mímọ́ yàn án, a sì búra pé òun yóò lé àwọn aládàámọ̀ kúrò ní ilẹ̀ òun. Ìgbàgbọ́ kan, òfin kan, ọba kan ni wọ́n máa ń wí. Láti ọdún 1516 ni àdéhùn pẹ̀lú Póòpù sì ti fún ọba Faransé ní agbára láti yan bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, nítorí náà èrè tí Henry Kẹjọ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú yíyapa kúrò lọ́dọ̀ Róòmù, ọba Faransé ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀ láìyapa. Ní Jámánì, àdéhùn Augsburg ti ọdún 1555 jẹ́ kí ọmọ aládé kọ̀ọ̀kan yan ẹ̀sìn fún ilẹ̀ tirẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó lọ sí ilẹ̀ kejì. Faransé kò ní ilẹ̀ kejì. Ọba kan ṣoṣo ló wà, Huguenot àti Kátólíìkì sì ń pọn omi nínú kànga kan náà.

Ọdún Ara Kristi ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ náà, àlùfáà á gbé búrẹ́dì mímọ́ lábẹ́ àtíbàbà aláràbarà, ọ̀wọ́ ènìyàn á tẹ̀ lé e káàkiri àdúgbò, olúkúlùkù onílé yóò sì fi aṣọ dáradára bo iwájú ilé rẹ̀. Ilé tí kò bá ní aṣọ lára ti sọ ara rẹ̀ láìlanu. Ìtò náà ń kọjá, gbogbo ojú ń wo ògiri òfìfo yẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Kò sí ọmọ ọba kankan níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń du ipò adelé, síbẹ̀ òkò ti wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Catherine kọ́kọ́ gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i, ó sì yẹ kí a sọ ọ́, nítorí ìtàn ti sọ obìnrin náà di àjẹ́ jù. Ní ọdún 1561 ó pe àwọn àlùfáà ìhà méjèèjì jọ sí Poissy kí wọ́n lè fẹnu kò. Orí Oúnjẹ Olúwa gan-an ni ìpàdé náà fọ́ sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1562 ó ṣòfin pé kí àwọn Huguenot máa jọ́sìn lẹ́yìn odi ìlú lójú mọmọ. Kò pé oṣù méjì sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọ̀gbẹ́ni François de Guise ń kọjá ní ìlú kékeré Vassy pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n gbọ́ orin Sáàmù láti inú abà kan tí Huguenot sọ di ilé ìjọsìn. Èébú bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òkò tẹ̀ lé e, ìbọn àti idà parí rẹ̀, nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn sì ṣègbé. Paris fi ìdùnnú ńlá pàdé Guise. Ní oṣù Kẹrin, Condé gba ìlú Orléans, ogun dé.

Mi ò ní ka ogun mẹ́jọ̀ọ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé yín á ti ṣe ìyẹn. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń lọ: wọ́n á jà títí owó ọba á fi gbẹ, wọ́n á ṣe àdéhùn, àwọn Kátólíìkì á ní ó fún aládàámọ̀ láyè jù, àwọn Huguenot á ní kò fún àwọn ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ogun á tún dé. Kí ọmọ yín má sì rò pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1567, ní Nîmes, níbi tí Huguenot ti lágbára, wọ́n kó àwọn àlùfáà àti àwọn gbajúmọ̀ Kátólíìkì jáde lóru, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì ju òkú wọn sínú kànga. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí a kíyè sí. Ère, pẹpẹ àti egungun àwọn ẹni mímọ́ ni àwọn Huguenot máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, àlùfáà ni ó sì sábà máa ń tẹ̀ lé e, nítorí ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ní ó ba ìlú jẹ́. Lójú àwọn Kátólíìkì, aládàámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀gbin náà, ara rẹ̀ sì ni wọ́n ń fi omi àti iná sọ di mímọ́.

Ibi tí oyè àti ẹ̀sìn ti pàdé lójú kan, tí a sì lè fi ojú rí oríkèé tí wọ́n ti so pọ̀, ni Paris ní oṣù Kẹjọ ọdún 1572. Ọ̀pọ̀ ìwé a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ibi àgbélébùú kan. Ní ọdún 1569, wọ́n so àwọn oníṣòwò kan ní ilé Gastine kọ́ nítorí pé wọ́n jọ́sìn bí Huguenot nínú ilé wọn ní òpópónà Saint-Denis. Wọ́n wó ilé náà palẹ̀, wọ́n sì mọ òpó òkúta kan tó ní àgbélébùú lórí sí ojú rẹ̀. Nígbà tí àdéhùn ọdún 1570 dé, àwọn Huguenot ní kí wọ́n hú u kúrò, ọba sì gbà. Ọ̀rọ̀ náà fa ìjà ìgboro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1571, òru ni wọ́n fi gbé e lọ sí ibi ìsìnkú àwọn Innocents, nítorí wọn kò jẹ́ dán an wò lọ́sàn-án. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú dáná sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìlú tó ṣe báyìí nítorí òkúta, kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ ní ìkórìíra.

Ní ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti wá so Henri ti Navarre, ọmọ Antoine àti Jeanne, pọ̀ mọ́ Marguerite, àbúrò ọba, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1572, kí Huguenot àti Kátólíìkì lè di àna ara wọn. Gbogbo ọlọ́lá Huguenot wá sí àríyá. Ní ọjọ́ 22, bí Coligny ti ń bọ̀ láti ààfin Louvre, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maurevert yìnbọn fún un láti ojú fèrèsé. Ìka rẹ̀ kan já, ọta sì wọ apá kejì, ṣùgbọ́n kò kú. Ta ló rán Maurevert? Àwọn kan ní ilé Guise ni, tí wọ́n gbà pé Coligny ló wà nídìí ikú bàbá wọn tí wọ́n yìnbọn pa ní ọdún 1563. Àwọn kan ní Catherine. Àwọn òpìtàn ò tíì fẹnu kò. Ohun tó dájú ni pé ẹ̀rù ba ààfin pé àwọn Huguenot yóò gbẹ̀san, ní alẹ́ ọjọ́ 23 ìgbìmọ̀ ọba sì pinnu pé kí wọ́n pa àwọn olórí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ti ẹnu ibodè ìlú pa, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́ bèbè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 24, ọjọ́ Bartholomew mímọ́, wọ́n gún Coligny pa nínú yàrá rẹ̀, wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé sí ẹsẹ̀ Henri de Guise.

Oyè ló ṣe ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yìí. Ìkà ni, ṣùgbọ́n ìkà tó mọ orúkọ àwọn tó ń wá ni. Ohun tó tẹ̀ lé e kò sí nínú ìpinnu ìgbìmọ̀ kankan. Aago ìjọ Saint-Germain-l'Auxerrois lù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tó ń ṣọ́ àdúgbò wọn lóru, so aṣọ funfun mọ́ apá, wọ́n fi àgbélébùú funfun sí fìlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ní láti fi ilé han wọ́n, wọ́n ti mọ ilé tí kì í so aṣọ sí ara ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọba pàṣẹ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Wọn kò ṣíwọ́. Wọ́n pa obìnrin, wọ́n pa ọmọdé, wọ́n wọ́ òkú lọ sí odò Seine. Lọ́jọ́ kejì, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ti gbẹ ní ibi ìsìnkú àwọn Innocents, níbi tí wọ́n gbé àgbélébùú Gastine lọ, ni wọ́n ní ó yọ òdòdó. Èrò wọ́ lọ wò ó, wọ́n ní Ọlọ́run ń fi hàn pé inú òun dùn sí iṣẹ́ náà. Olè jíjà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó fi ìgbà náà san gbèsè ìjà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jalè kì í lọ kúnlẹ̀ níwájú igi.

Nínú ìwé ìnáwó ìlú Paris fún oṣù Kẹsàn-án, owó kan wà tí wọ́n san fún àwọn asìnkú tó sin òkú 1,100 tí omi gbé lọ sí bèbè nísàlẹ̀ odò, ní ìhà Saint-Cloud àti Auteuil. Àwọn tó kú ní Paris yóò tó 2,000 sí 3,000. Ìròyìn dé àwọn ìlú mìíràn, Orléans, Meaux, Lyon, Rouen, Bordeaux, Toulouse, ìpakúpa náà sì ń bá a lọ títí di oṣù Kẹwàá. Ní Róòmù, Póòpù Gregory Kẹtàlá ní kí wọ́n kọrin ọpẹ́, ó sì rọ àmì ẹ̀yẹ láti ṣe ìrántí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo rò pé ọmọ yín yóò gbádùn. Títí di 1572, Huguenot ní ọba kọ́ ni àwọn ń bá jà, àwọn ìjòyè burúkú tó yí i ká ni. Lẹ́yìn ìpakúpa náà, àwọn òǹkọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí wí pé ọba tó di apànìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ já àdéhùn, a sì lè dojú ìjà kọ ọ́. Ó di ọdún 1584, àbúrò tó kẹ́yìn fún Henri Kẹta, ẹni tó jọba lẹ́yìn Charles ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú, ìran ọba kò ní ọmọkùnrin mọ́, oyè sì já lé Henri ti Navarre, Huguenot, lórí. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn Huguenot di agbèjà ẹ̀tọ́ àrólé, àwọn Kátólíìkì Ẹgbẹ́ Mímọ́, tí ilé Guise ń darí tí owó Philip Kejì sì ń bọ́ láti ìgbà àdéhùn Joinville, sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: ọba tó da Ọlọ́run kì í ṣe ọba. Gbólóhùn kan náà ni, ẹnu tó ń sọ ọ́ ló yí padà. Níbí, ẹ lè gbà fún ìwé tó ní oyè ni.

Henri Kẹta ò tó bẹ́ẹ̀ láti mú wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1588, Paris fi àgbá àti ẹ̀wọ̀n dí òpópónà mọ́ ọn, ó sì sá jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ó pe Henri de Guise sí yàrá rẹ̀ ní Blois, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì gún un pa. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pa àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ Kádínà. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Jacques Clément, mọ́ńkì ẹgbẹ́ Dominic, mú ìwé wá bí ẹni tó ní iṣẹ́ jíjẹ́, ó sì ti ọ̀bẹ bọ ọba níkùn. Navarre di Henri Kẹrin, ọba tí olú ìlú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ó dó ti Paris ní ọdún 1590. Wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ajá àti ológbò. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lọ egungun láti ibi ìsìnkú láti fi ṣe búrẹ́dì. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun Sípéènì wà nínú ìlú, àwọn oníwàásù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Síbẹ̀ ebi ń pa ènìyàn kú lójú pópó, ìlú kò sì ṣílẹ̀kùn, títí Dúùkù Parma fi kó ogun Sípéènì wá tú ìdótì náà ká. Ọlọ́lá tó ń du ipò yóò ti wá ẹni tí yóò tà fún kí ọ̀rọ̀ tó dé orí egungun.

Èyí mú mi dé ìbéèrè yín kejì. Ohun méjì ni Henri Kẹrin ṣe, ó sì jọ pé òun nìkan ló lè ṣe é. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1593, ó wọ ìjọ Saint-Denis, ó kọ ẹ̀kọ́ Calvin sílẹ̀, ó sì gbọ́ Máàsì. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ, pé Paris tó Máàsì kan. Kò sí ẹ̀rí pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ síbi ìdánwò bí ẹni pé ó sọ ọ́. Ọwọ́ Ẹgbẹ́ Mímọ́ ni Reims ṣì wà, nítorí náà Chartres ni wọ́n ti fi òróró yàn án ní oṣù Kejì ọdún 1594, ó sì wọ Paris ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta láìsí ogun, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Sípéènì máa lọ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ra àwọn ìjòyè. Mo lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: ó san gbèsè wọn, ó fi wọ́n sí ipò gómìnà, ó fún wọn ní owó ọdọọdún, Sully tó ń ṣọ́ àpò rẹ̀ sì ṣírò rẹ̀ sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 30 owó livre. Ìjà tó jẹ́ ti oyè, owó àti oyè parí rẹ̀.

Ìjà tó jẹ́ ti ẹ̀sìn kò ṣeé rà. Òfin tó ṣe ní Nantes ní oṣù Kẹrin ọdún 1598 kò gbìyànjú láti parí rẹ̀. Abala 92 ni, láìka àwọn abala ìkọ̀kọ̀ tó tẹ̀ lé e, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ní kí ìrántí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kú, kí ó sì sùn, bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò gbọdọ̀ sí agbẹjọ́rò ọba tàbí ará ìlú tí yóò tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Máàsì padà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti lé e jáde. Huguenot lè jọ́sìn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀ àti nínú ilé àwọn ọlọ́lá wọn, wọ́n lè joyè, wọ́n sì ní ilé ẹjọ́ tí adájọ́ Huguenot wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ti pa bàbá rẹ̀ kò ní gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ síwájú àwọn aládùúgbò náà nìkan. Ìlú olódi bíi 150 wà lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́jọ bí ohun ìdúró. Ilé ẹjọ́ gíga Paris kọ̀ láti forúkọ òfin náà sílẹ̀ títí di oṣù Kejì ọdún 1599, lẹ́yìn tí ọba pè wọ́n wá sí Louvre tí ó sì bá wọn wí. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó sọ pé ẹ̀sìn méjì dára. Ó ní ẹ̀sìn kan ni ti ìjọba, èkejì, a fàyè gbà á, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan aládùúgbò rẹ̀ nítorí rẹ̀, ọba ló ṣẹ̀. Okùn tó di ìlú pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lọ́wọ́ àlùfáà bọ́ sọ́wọ́ adájọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ fi máa rí i nínú ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ibi tí èyí gbé ọ̀rọ̀ dé. Ní ọdún 1631, nígbà tí ogun ọgbọ̀n ọdún ń jà ní Jámánì, Richelieu, olórí ìjòyè ọba Faransé, tí í ṣe Kádínà Ìjọ Àgùdà, ni ó ń fi owó Faransé ran ọba Sweden tó jẹ́ ọmọ Luther lọ́wọ́ láti bá olú ọba Kátólíìkì jà, nígbà tó jẹ́ pé òun kan náà ni ó ti fi ebi ṣẹ́gun àwọn Huguenot ní La Rochelle ní ọdún 1628. Àwọn ìlú olódi lọ bẹ́ẹ̀, òfin ìjọsìn dúró.

Ní ti Paris, Nantes kò gba Huguenot láyè láti jọ́sìn nínú ìlú. Láti ọdún 1606 ni ọba ti fún wọn ní ibì kan ní Charenton, lókè odò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Seine, wọ́n á máa kọ Sáàmù lọ, odò tó gbé òkú àwọn bàbá wọn ní ọdún 1572. Àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé ìjọsìn náà ní ọdún 1621. Ìjọba jẹ́ kí wọ́n tún un kọ́, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1685, Louis Kẹrìnlá, ọmọ ọmọ Henri Kẹrin, fagi lé òfin Nantes. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n lọ wó Charenton palẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é tán.